Yàrá Ọwọ́ Ọ̀tún

Ọjọ́ tí Káfíńtà kọ́kọ́ rí Aránṣọ, kì í ṣe ìyàwó ló ń wá. Ibi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ló ń wá. Ó ti tó oṣù méjì tí dókítà ti kọ àdírẹ́sì ibẹ̀ fún un, tó kàn ń gbé ìwé náà kiri nínú àpò. Àmọ́ láàárọ̀ Sátidé yẹn, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n débi pé ayùn yẹ̀, ó sì gé ẹsẹ̀ tábìlì oníbàárà kúrú ju mẹ́ta tó kù lọ. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó gba ibẹ̀ lọ.

Yàrá méjì ló kọjú síra ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà. Àwọn tó ń mutí ló ń lo ti ọwọ́ òsì. Àwọn ẹbí wọn ló ń lo ti ọwọ́ ọ̀tún: ìyàwó, ọmọ, àbúrò, àwọn tí ọtí ẹlòmíì kò jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn. Ojú ti Káfíńtà láti béèrè. Ó kàn yà sí ọ̀tún, ó jókòó sórí àga kan tó ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ já.

"Ẹ káàbọ̀ o," obìnrin tó jókòó tì í kí i. Aránṣọ ni, abẹ́rẹ́ méjì ṣì wà lára ọrùn aṣọ rẹ̀. "Ta ló ń mu ún nílé tiyín?"

Ìgbà yẹn ló yé Káfíńtà pé òun ti ṣi yàrá wọ̀. Ì bá dìde. Àmọ́ obìnrin náà ń fi àánú wò ó, ó sì ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò ó bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dáhùn kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi ni."

Ẹ gbọ́ irọ́! Ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí!

Ni ọ̀gbẹ́ni bá ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Ó mú òòlù àti gọ́ọ̀mù dání, ó ń tún àga wọn ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aránṣọ ń sọ ìtàn bàbá rẹ̀ tí ọtí pa fún un. Wọ́n ń rìn padà sílé pọ̀, "ẹ" di "o", "o" di "olólùfẹ́ mi". Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára tinútìta. Àmọ́ Káfíńtà ò tíì jáwọ́. Súìtì ló ń jẹ kó tó wá, kí òórùn ẹnu rẹ̀ má bàa tú àṣírí.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?" ni Aránṣọ máa ń wí. "Mú un wá, jàre. Yàrá òdìkejì ò jìnnà."

"Màá bá a sọ ọ́."

Ó di ọjọ́ tí ìyá Aránṣọ ní òun fẹ́ rí i. Màmá ò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó dáadáa.

"Ọmọ mi ní ẹ̀gbọ́n rẹ ń mutí. Ìwọ alára ńkọ́?"

Omi tí wọ́n gbé fún Káfíńtà ń dà sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Aránṣọ. Irọ́ náà sú u pátápátá.

"Mi ò ní ẹ̀gbọ́n kankan, Mà. Èmi ni."

Màmá dìde. "Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo ti sin ọ̀mùtí kan. Mi ò ní fi ọmọ mi fún èkejì. Ó dàbọ̀."

Aránṣọ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ kún fún omijé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọ ọ̀mùtí ni mí. Ọwọ́ èèyàn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò."

"Kí ló dé tó ò sọ?"

"Ìgbà mẹ́rin la fa bàbá mi lọ sí yàrá ọwọ́ òsì, ìgbà mẹ́rin ló sá jáde. Mo ń retí kí ìwọ fi ẹsẹ̀ ara rẹ rìn wọlé."

"Ṣé o ṣì fẹ́ràn mi?"

"Mo fẹ́ràn rẹ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Lọ. Má bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ títí tí ọdún kan á fi pé tí ọtí ò kan ẹnu rẹ."

Káfíńtà lọ sí yàrá ọwọ́ òsì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣubú, ó mutí yó. Ó fi ìtìjú padà wá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́ láti orí ení. Tí òun àti Aránṣọ bá pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, "Ẹ káàsán" lásán ni. Àmọ́ ó máa ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti yàrá kejì, ìyẹn á sì tó láti gbé e dé Sátidé mìíràn.

Àṣà kan wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá pé ọdún kan láìmutí, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀, gbogbo wọn á péjọ sí ọwọ́ òsì, wọ́n á sì béèrè ẹbí rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ ẹbí rẹ̀ á dìde. Káfíńtà bẹ Tíṣà tó ń darí ìpàdé pé kó fo ti òun, nítorí òbí òun méjèèjì ti kú.

"A kì í fò ó," ni Tíṣà wí.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Tíṣà gbóhùn sókè: "Ta ni ẹbí arákùnrin yìí?"

Káfíńtà tẹjú mọ́lẹ̀.

"Èmi ni."

Aránṣọ ni, ó ti dìde lẹ́yìn.

"Kí lo jẹ́ fún un?" ni Tíṣà bi í.

"Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni mí, tó bá ṣì fẹ́ mi."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín tó rọlẹ̀, àgbàlagbà kan fọwọ́ ti àga, ó rọra dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èmi náà wà ńbẹ̀," ni Màmá wí. "Ìyá ìyàwó rẹ̀ ni mí."

Káfíńtà dìde láti lọ bá wọn. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Aránṣọ wá, ó dì í mú.

"Kì í ṣe ọtí o," ni Káfíńtà sọ sí i létí.

"Mo mọ̀," ni Aránṣọ dáhùn. "Ọmọ ọ̀mùtí ni mí."