Wáyà Karùn-ún Gìtá Festus

Aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Oòrùn mú bí ẹni pé kò ní wọ̀ mọ́, kò sì sí atẹ́gùn kankan ní gbogbo Ìgàndó. Aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn lẹ́yìnkùlé kò mì rárá. Síbẹ̀, bí Gàníyù ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ilé Festus, ó gbọ́ tí gìtá ń dún nínú yàrá. Kò sẹ́ni tó ń ta á. Ohùn kan ṣoṣo ni, ó kéré bíi ti ẹ̀fọn létí. Ó gòkè díẹ̀, ó dúró, ó sì tún sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ọ, àbí?" Olútóyìn, ìyàwó Festus, ló sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Mo ti rò pé orí mi ló ń dàrú."

"Mo gbọ́ ọ, Ìyá Hope."

"Ẹ wọlé, Bàbá Rídwàn. Ẹ má pariwo o. Ẹ̀yin náà kì í kúkú pariwo. Ẹnu yín yìí, ọjọ́ wo lẹ ń fi í pamọ́ dè?"

Ó fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde.

Wẹ́dà ni Gàníyù, ní Ìdímù. Géètì àti irin ojú fèrèsé ló ń jó, kò mọ orin kankan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ gìtá Festus kán lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn, òun ló bá a jó o pọ̀, láti ìgbà náà ni kò sì ti sí ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Sítíìlì gìtá ni, irú èyí tí wọ́n ń jókòó tì bíi tábìlì. Wáyà mẹ́wàá ló nà lórí rẹ̀, pẹ́dà mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀. Bí Festus bá fi ẹsẹ̀ òsì tẹ pẹ́dà, ọ̀pá irin tín-ínrín kan á fa wáyà, ohùn á gòkè. Bó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, sípíríìnì á dá ohùn náà padà sílé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìkọ̀tún, àgbàlagbà máa ń nu ojú bó bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Festus náà rèé lórí bẹ́ẹ̀dì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá a dùbúlẹ̀ láti ìgbà ààwẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, kò lajú. Ẹsẹ̀ òsì tó fi ń tẹ pẹ́dà ti tutù bí irin tí wọ́n fi sílẹ̀ síta mọ́jú. Èémí rẹ̀ nìkan ló kù, ó ń há bí ẹni ń fi sáńdípépà fá irin.

"Nọ́ọ̀sì ní ó ń gbọ́ wa," Olútóyìn wí. "Hope ń bọ̀ láti Jọs. Bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ ní gìtá yìí. Ó ní òun fẹ́ ta orin tó kọ́kọ́ kọ́ òun, kó gbọ́ ọ kó tó..." Kò parí rẹ̀. "Ẹ bá mi tún un ṣe, Bàbá Rídwàn. Kí ọmọ yẹn ṣáà bá bàbá ẹ̀ láàyè, kó sì bá gìtá náà bó ṣe mọ̀ ọ́n. Mi ò bẹ Ọlọ́run ju ìyẹn lọ mọ́."

Ó lọ sí kíṣìnì láti gbé omi tí wọn yóò fi nu ara aláìsàn kaná.

Gàníyù kúnlẹ̀. Wáyà karùn-ún ló ń dà á láàmú. Festus ní ẹ̀rọ kékeré kan tó fi ń wo ohùn. Gàníyù há a mọ́ orí gìtá. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń padà, ó tún ń lọ. Wáyà ló kọ́kọ́ fura sí, ó pààrọ̀ rẹ̀. Kò yí padà. Ó ta epo sí ìka irin tí wáyà gùn lé. Ó wo ẹsẹ̀ gìtá bóyá ilẹ̀ kò tẹ́jú, nítorí bí ara gìtá yìí bá tẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ohùn rẹ̀ á yẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́jú. Ó fi ọwọ́ tẹ pẹ́dà àkọ́kọ́ láti dán an wò.

Bó ti tẹ̀ ẹ́, Festus fa èémí gígùn kan lórí bẹ́ẹ̀dì.

Gàníyù bojú wẹ̀yìn. "Bàbá Hope, èmi ni o," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀pá tí wọ́n bá fún jù kì í jẹ́ kí wáyà padà sílé. Festus fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní èyí. A sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lórí rẹ̀: "Gàníyù, kì í ṣe géètì lò ń ṣe o! Fi ààyè sílẹ̀ fún un jàre, kó rí ibi lọ, kó rí ibi bọ̀." Gàníyù tú ọ̀pá náà díẹ̀. Pàbó. Ó wá yọ ọ́ pátápátá, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀. Kò sí ohun tó so pẹ́dà mọ́ wáyà mọ́. Ó na ọrùn, ó wo orí gìtá.

Ìka irin náà ń lọ, ó ń bọ̀. Wáyà ń gòkè, ó ń sọ̀.

Ó ka Bisimilláhì sínú. Bóyá ì bá dìde kó máa lọ, ṣùgbọ́n Olútóyìn, tó ń bá Hope sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ké láti kíṣìnì: "Ó ti dé Ìyànà-Ìpájà o!"

Ọjọ́ pẹ́ tí Gàníyù ti ń jó irin, ohun kan sì ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ju gbogbo nǹkan lọ: ohun tó bá ń mì, kí wọ́n mú un dúró. Ó wá bóòtù kékeré kan nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó tì í bọ ẹ̀yìn ìka irin náà, ó sì fi sípánà dè é gbọingbọin.

Wáyà dákẹ́. Abẹ́rẹ́ dúró sáàárín gangan. Ara tu Gàníyù, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

Ìgbà náà ló ṣàkíyèsí pé yàrá ti pa rọ́rọ́ jù. Ó ń gbọ́ omi tó ń hó lórí iná. Ó ń gbọ́ eṣinṣin kan lójú fèrèsé. Kò gbọ́ sáńdípépà tó ń fá irin mọ́.

Ó yíjú sí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ tó bo àyà Festus kò mì rárá, bíi ti aṣọ orí okùn lẹ́yìnkùlé.

Ohun gbogbo wá yé e. Gígòkè wáyà yẹn, èémí tó ń wọlé ni. Sísọ̀ rẹ̀, èémí tó ń jáde ni. Ara ti kọ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì wá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀ jù láyé, ibẹ̀ ló ti ń mí, ó ń dúró de ọmọ rẹ̀. Òun Gàníyù ló wá fi bóòtù dè é.

Ó tú bóòtù náà. Sípánà ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bóòtù jáde, ìka irin kò mì. Wáyà nà tọ́ọ́rọ́, kò fọhùn.

"Bàbá Rídwàn!" Ayọ̀ díẹ̀ ti wà nínú ohùn Olútóyìn láti kíṣìnì. "Hope ti kọjá Ìdímù! Mi ò gbọ́ ariwo gìtá yẹn mọ́. Ẹ ṣé o! Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa mú un dákẹ́."

"Ó kù díẹ̀, Ìyá Hope," Gàníyù wí. "Ẹ ní kó sáré."

Ó dá ọ̀pá irin padà sí àyè rẹ̀. Ó jókòó sórí àga Festus, níbi tí kò jókòó sí rí. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé pẹ́dà àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Wáyà karùn-ún gòkè. Lábẹ́ aṣọ, àyà Festus gòkè. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, àyà náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Gàníyù gbójú kúrò lára bẹ́ẹ̀dì, ó kọ ojú sí ẹnu ọ̀nà. Ó tún tẹ̀ ẹ́.