Ewúrẹ́ Inú Tẹlifóònù

"Ta ló ń ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí báyìí?" Màmá Ìbídùnní pariwo sínú tẹlifóònù tó gbé sétí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀! Módẹ́ẹ̀mù ni!" Monílọ́lá, ọmọ ọmọ rẹ̀, figbe ta láti yàrá kejì. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìlà ti já.

Láyé ìgbà tí tẹlifóònù oníwáyà ṣì wà nínú ilé, módẹ́ẹ̀mù ni àpótí kékeré tó ń gba ojú wáyà fóònù gbé kọ̀ǹpútà dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé fóònù ti dà á rú nìyẹn. Àròkọ ni Monílọ́lá fẹ́ fi ránṣẹ́ láti Oǹdó sí ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká l'Ákùúrẹ́, fún ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni gbèdéke.

Màmá wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín títí ìdí rẹ̀ fi ń mì. "Má bínú, ọmọ mi. Mo rò pé ẹnì kan ń kú lọ níbẹ̀ ni, mo ní kí n kí i pẹ̀lẹ́!"

Monílọ́lá ò lè rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tí Màmá ò mọ̀. Lánàá, Reuben ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Módẹ́ẹ̀mù tiyín yìí mà ń wọ́ bí ìgbín! Àwọn nọ́ńbà àṣírí kan wà tí kò sí nínú ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá. Tẹ̀ wọ́n, á sáré bí ehoro." Bọ̀dá Akíntúndé, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ṣètò ẹ̀rọ náà, ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Síbẹ̀, Monílọ́lá tẹ àwọn nọ́ńbà náà. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ á ké, á sáré fẹ́ẹ́rẹ́, á sì já, kódà bí Màmá bá wà lẹ́yìnkùlé tó ń bó ẹ̀gẹ́.

Màmá pe Akíntúndé l'Ákùúrẹ́. "Akin, ẹ̀rọ rẹ ti ya wèrè o! Èmi ni mo bà á jẹ́, mo gbé fóònù." Ó na fóònù sí Monílọ́lá.

Ọ̀nà àbáyọ rèé: kó dákẹ́, kí Màmá ru ẹ̀bi. Ó wo ojú arúgbó náà.

"Bọ̀dá, kì í ṣe Màmá. Èmi ni mo yí ètò rẹ̀ padà kó lè yára."

Akíntúndé dáhùn: "O káre tó o sọ ọ́. Bí o ò bá sọ ọ́ ni, ǹ bá ní kó o máa tú wáyà títí ilẹ̀ ó fi ṣú. Wáyà yìí ti gbó, ariwo pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá sáré lórí rẹ̀ á ṣubú. Èmi ni mo dìídì dín eré rẹ̀ kù. Mú bírò, kọ ohun tí mo bá pè."

Màmá ti fi etí mọ́ fóònù. "Ṣé kó máa rìn bíi tèmi, pẹ̀lú orúnkún mi yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Ẹ má sì fọwọ́ kan fóònù mọ́!"

Màmá jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Monílọ́lá gbé fóònù sílẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà tí Bọ̀dá pè fún un, módẹ́ẹ̀mù ké, àròkọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Eṣinṣin bà lé imú Màmá. Ó ń fẹnu fẹ́ ẹ, kò yọ ọwọ́. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù.

"Ó ti lọ!" Monílọ́lá fò sókè.

Màmá já fóònù gbà sétí. "Ewúrẹ́ mi, o kú ewu ọmọ!"

Ìlà tún já. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bẹ́ ẹ bá sì ti kánjú ba nǹkan jẹ́, ẹ tètè jẹ́wọ́: ẹni tó fi àìsàn pamọ́ kì í rí oògùn tó bá a mu.