Òórùn Ọsàn Kò Pa Májèlé Inú Kẹ́ẹ̀gì

Kò sí ilé kan ní abúlé ọlọ́sàn yìí tí kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ búlúù kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, Baba Àkàbà ló sì fọ gbogbo wọn. Òun ni olórí àwọn tó ń ká ọsàn. Ó ti pẹ́ lórí àkàbà débi pé, bó bá ń rìn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣe ló ń gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò gùn.

Apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí igi ọsàn ló máa ń wà nínú kẹ́ẹ̀gì náà. Bó bá ti tán, Ọ̀gá Sítọ́ọ̀ tó ń ṣọ́ ẹrù ilé iṣẹ́ ọlọ́sàn á ha bébà ìkìlọ̀ ara kẹ́ẹ̀gì dànù, á wá kó o jáde.

"Ẹ gbà, ẹ máa fi pọnmi. Ọ̀fẹ́ ni!"

Ó di ọ̀dọ̀ Baba Àkàbà. Baba á fún ọsàn kíkan sínú rẹ̀, á da èèpo ọsàn lé e, á mì ín jìgìjìgì.

"Ọsàn tó ń bó ìdọ̀tí ara ọ̀bẹ," ni yóò máa wí, "kí ló kù tí kò lè bó?"

Lọ́jọ́ kẹta, á ki imú bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì. "Ẹ gbóòórùn! Ọsàn pọ́ńbélé! Ẹ máa mu ún lọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ gbé omi inú kẹ́ẹ̀gì tí Baba ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ lọ síbi tó ti ń ṣa ọsàn, ó sì ń mu ún. Kó tó di ọ̀sán, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń bì, kò sì ríran dáadáa mọ́. Ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó ọsàn ni wọ́n fi gbé e dé ilé ìlera.

Baba Àkàbà tẹ̀ lé wọn, ó gbé kẹ́ẹ̀gì lé èjìká, ó ń pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

"Ẹ̀rí rèé! Kànga ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti pọn ọ́n! Wọ́n fẹ́ pa mí láya! Nọ́ọ̀sì, ẹ yẹ omi yìí wò!"

Nọ́ọ̀sì ò wo omi. Kẹ́ẹ̀gì ló ń wò.

"Bàbá, kí ló wà nínú èyí tẹ́lẹ̀?"

"Apakòkòrò. Ṣùgbọ́n mo ti fọ̀ ọ́ o! Èmi fúnra mi!"

"Kí lẹ fi fọ̀ ọ́?"

Baba gbé àyà síwájú. "Ọsàn."

"Òórùn rẹ̀ lẹ fọ̀ dànù, Bàbá. Oró rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ike yẹn ti fa oògùn mu. Bẹ́ ẹ bá bu omi sí i, á máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Ọsàn ò lè bó o, ọṣẹ ò lè bó o, omi gbígbóná ò lè bó o. Èèyàn mélòó ló ń lo irú rẹ̀?"

Baba fìdí lélẹ̀ níbẹ̀.

"Gbogbo wa ni."

Aládùúgbò kan sáré gbé mílíìkì dé. Nọ́ọ̀sì dá a dúró. "Ẹ má fún un ní nǹkan kan, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun!" Wọ́n bọ́ aṣọ tó ti bì sí, wọ́n fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fún un lábẹ́rẹ́.

Nígbà tí obìnrin náà fi lajú ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Ọpẹ́lọpẹ́ kẹ́ẹ̀gì tí ẹ gbé wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibà là bá máa tọ́jú."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́, àbí?"

"Èmi ni. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Ta ló wá ha bébà ara kẹ́ẹ̀gì?"

Baba Àkàbà dìde fùú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé iwájú sítọ́ọ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àti ife, gbogbo àwọn tó ń ká ọsàn sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó bu omi kún ife.

"Ọ̀gá Sítọ́ọ̀, ẹ káàárọ̀. Òùngbẹ ò gbẹ yín ni?"

Ọkùnrin náà fò sẹ́yìn. "Ẹ gbé e kúrò níwájú mi! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

Baba Àkàbà rọra da omi náà padà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó dé e pa, ó yíjú sí àwọn èèyàn.

"Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Ó mọ̀!"

"Ọkọ̀ tó yẹ kó wá kó àwọn kẹ́ẹ̀gì tó ti ṣófo ni kò wá mọ́," ni ọkùnrin náà ń kálòlò. "Wọ́n ní kí n ṣáà kó wọn kúrò nílẹ̀."

"Nítorí pé ọkọ̀ ò wá, ikùn àwa lẹ wá sọ di ààtàn!"

Ẹnikẹ́ni ò gun àkàbà lọ́jọ́ náà, wọn ò gùn ún lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ dé. Kí wọ́n tó kó kẹ́ẹ̀gì gbogbo ilé sí i, Baba Àkàbà wọ ìbọ̀wọ́, ó sì fi ìṣó lu ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn títí kò fi sí èyí tó lè gba omi dúró mọ́.

Ẹ̀yin ará oko, ẹ má fi ohun tí wọ́n fi gbé apakòkòrò tàbí apakoríko pọnmi, ẹ má fi ṣe epo tàbí oúnjẹ lọ́jọ̀, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Àìgbóòórùn oògùn mọ́ kò sọ pé oró ti tán. Bó bá ti ṣófo, ẹ dá ihò sí i, ẹ dá a padà síbi tó ti wá. Ẹ má jó o, ẹ má jù ú sódò. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti mu nínú rẹ̀, ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìlera, kí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà dání.

Ẹni tó bá sì ha bébà ara kẹ́ẹ̀gì kó tó gbé e fún yín, ẹ má kí i pé ó ṣeun. Ẹ lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.