Ìró Inú Yàrá Ìwé Tíṣà Adégòkè

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1929, ọ̀gá ilé ìwé wa ní Ìwó ti ilẹ̀kùn yàrá ìwé, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mú un lọ sílé. Tíṣà Adégòkè, ẹni tó ń tọ́jú àwọn ìwé náà, ti kú ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ló pa á. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ohun tó lò títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Yàrá náà kò tóbi. Ilẹ̀ amọ̀ ni. Pẹpẹ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri, ìwé mọ́kànlélọ́gọ́ta sì wà lórí rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, àwa ọmọ kíláàsì tó ga jù máa ń jókòó síbẹ̀. Ẹnì kan á ka ojú ewé kan sókè, ẹlòmíràn á sọ ohun tó gbọ́. Lẹ́yìn náà, Tíṣà á ní kí kálukú lọ bá àgbà kan nílé rẹ̀, kó béèrè ohun tí àgbà náà kò fẹ́ kó parun, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Morádéyọ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú kíláàsì wa, lọ bá ìyá bàbá rẹ̀, Ìyá Oyèníkẹ́. Nígbà tí Ìyá wà lọ́mọdé, ogun kó ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ márùn-ún lóko. Kò sí èyí tó padà. Nínú agboolé wọn, wọn kì í pe orúkọ ẹni tí ogun kó lọ. Wọ́n ní bí a bá pè é, yóò yíjú wò wá níbi tó wà, ọkàn rẹ̀ kò sì ní í balẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n Ìyá gbà láti pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan.

"Kọ ọ́ dáadáa o," ni ó wí. "N ò ní í tún un sọ. Ìwé ni yóò máa bá mi pè wọ́n."

Morádéyọ̀ kọ orúkọ márààrún. Ó mú ìwé náà fún Tíṣà kó bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Tíṣà ti kú, ìwé sì wà nínú yàrá.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Òjò ti rọ̀ púpọ̀ láàárín rẹ̀. Ní ọ̀sán kan tí oòrùn mú, tí ìta dákẹ́, Mùrí, aláwàdà kíláàsì wa, kọjá lẹ́nu yàrá ìwé, ó sì dúró.

"Ẹ wá gbọ́."

A fi etí ti ilẹ̀kùn. Nínú lọ́hùn-ún, ohun kan ń ṣe ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣí ojú ìwé. Yóò dúró díẹ̀. Yóò tún bẹ̀rẹ̀.

"Tíṣà ń máàkì iṣẹ́ wa," ni Mùrí wí. "Mo gbé! N ò parí ìṣirò mi."

A rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìró náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà, láti inú yàrá, ohun kan dá a lóhùn: kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Mùrí ló kọ́kọ́ sá.

Láti ọjọ́ náà, a kì í kọjá láìkí i. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà." Bí a bá pọ̀ tí ẹsẹ̀ wa sì lu ilẹ̀, inú yàrá á dáhùn. Ràhámọ̀tù tó ń ta ẹ̀pà níwájú ilé ìwé náà máa ń bá wa wí.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rọra rìn. Ọkùnrin yẹn fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ nígbà tó wà láyé. Ṣé torí pé ó kú ni kó wá dáwọ́ dúró?"

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ọ̀gá wa, Àyànbádéjọ, ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn. Ó fetí sílẹ̀. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ.

"Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná," ni ó wí. "Kò tíì ṣetán."

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ, Ìyá Oyèníkẹ́ ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé. Apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ẹnu rẹ̀ wọ́, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ọwọ́ òsì nìkan ló lè gbé. Ní gbogbo ìgbà tí Morádéyọ̀ bá wọlé, Ìyá á máa fi ìka òsì kọ nǹkan sórí ẹní, á sì máa wò ó lójú. Gbogbo ilé mọ ohun tó ń béèrè. Ó fẹ́ kí wọ́n ka orúkọ àwọn márùn-ún tí ogun kó sí òun létí kí òun tó lọ.

Orúkọ mẹ́ta ni Morádéyọ̀ rántí. Ó lọ bá ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìwé mi nìkan ni mo fẹ́ mú."

"Morádéyọ̀, ṣé ìwọ kò gbọ́ ohun tí gbogbo wa ń gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́ ọ, sà."

"Bí àgbà bá ń kàwé lọ́wọ́, ṣé o máa ń já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Máa lọ sí kíláàsì."

Kò lọ sí kíláàsì. Ẹnu yàrá ìwé ló lọ, ó kúnlẹ̀, ó fi ẹnu sún mọ́ ihò kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dúró sí.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Mo rántí Fákúnlé. Mo rántí Abẹ̀bí àti Àyìnlá. Ẹ bá mi ka méjì tó kù."

Ó kan ilẹ̀kùn. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ni inú yàrá wí. Ó dúró títí oòrùn fi kúrò lára ògiri, kò sì gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ni Ààfáà Àmúdà wá kí aláìsàn. Agboolé kejì ló ń gbé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Ó bá Morádéyọ̀ níbi tó ti ń sunkún.

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Nígbà tí o kan ilẹ̀kùn, ó dáhùn?"

"Ó dáhùn, sà."

"Ó pe orúkọ rẹ?"

"Rárá, sà. Ó kàn ń ṣe kẹ̀kẹ̀kẹ̀ ni."

"Pẹpẹ ìwé yẹn, ṣé ó kan ilẹ̀? Ṣé ó kan ògiri?"

"Ó kan méjèèjì, sà."

Ààfáà dìde, kò dúró wá bàtà rẹ̀. "Sùbúhánàlláhì! Ikán ni ẹ ń kúnlẹ̀ kí láti ọjọ́ yìí wá."

Òun àti Morádéyọ̀ lọ bá ọ̀gá Àyànbádéjọ ní ilé ìwé.

"Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Ààfáà, òkú ọ̀run ló wà níbẹ̀. Ó ń kàwé."

"Òkú kì í jẹ bébà. Bí ikán bá gbọ́ kíkàn, àwọn tó ń ṣọ́ wọn á máa fi orí gbá igi láti kìlọ̀ fún àwọn yòókù. Ohun tó ń dá yín lóhùn nìyẹn. Ìwé tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́ ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Inú àpò awọ ni wọ́n wà, lára igi àjà, níbi tí èéfín ìdáná ń kàn wọ́n. Ní gbogbo Jímọ̀ ni mò ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀, tí mò ń ṣí wọn wò. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn."

Ọ̀gá ṣí i.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò sí ohun tó yí padà. Àga àti tábìlì Tíṣà wà níbi tó fi wọ́n sí. Ìwé mọ́kànlélọ́gọ́ta tò lọ rẹrẹ, ẹ̀yìn wọn mọ́, a sì lè ka orúkọ wọn. Ọ̀gá mí kanlẹ̀.

"Ààfáà, ikán dà?"

Ó nawọ́ sí ìwé kan. Ìwé náà wó sínú lábẹ́ ìka rẹ̀. Èèpo nìkan ló kù. Inú rẹ̀ ti di iyẹ̀pẹ̀. Ó mú òmíràn. Iyẹ̀pẹ̀ ni. Gbogbo pẹpẹ bá dún lẹ́ẹ̀kan náà: kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

Ìwé Morádéyọ̀ wà lórí tábìlì. Tíṣà ti fi tàdáwà pupa kọ "Ó dára" sí ẹ̀yìn rẹ̀. Morádéyọ̀ ṣí i, iyẹ̀pẹ̀ sì dà sí i lẹ́sẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó ti Ìyá. Ìyá na ìka ọwọ́ òsì márààrún.

"Fákúnlé," ni Morádéyọ̀ wí. Ìyá ká ìka kan.

"Abẹ̀bí." Ó ká èkejì.

"Àyìnlá." Ó ká ẹ̀kẹta.

Ìka méjì dúró. Ìyá ń wo ẹnu ọmọ náà.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ikán ti jẹ wọ́n."

Ìyá kò ká wọn. Ọjọ́ kẹta ló kú. Àwọn tó wẹ̀ ẹ́ sọ pé ìka méjì náà kò ká títí wọ́n fi gbé e lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà nílé ìwé, àti ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ìwé wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbọ́. Ẹ má ṣe ti ìwé mọ́lé nítorí ọ̀fọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bu ọlá fún ẹni tó tọ́jú ìwé, ẹ ka ìwé rẹ̀. Ẹ ṣí yàrá náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni méjì. Ẹ fa pẹpẹ kúrò lára ògiri, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú agolo tí kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró tí ẹ kò mọ̀, ẹ pe àgbà, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn wò ó lójú ọ̀sán. Ìbẹ̀rù tí a kò yẹ̀ wò ló fún ikán ní ọjọ́ méjìdínlọ́gọ́rùn-ún.

Ẹ máa ka ìtàn ìlú yín àti ti ìlú ẹlòmíràn, ẹ ka ìwé ìlera, ẹ ka ìtàn tó wù yín, kí ẹ sì kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé nílé. Bí àgbà bá sọ ohun kan fún yín, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi ọ̀kan síbòmíràn. Ẹ má retí pé yóò tún un sọ.

Ìwé mọ́kànlélọ́gọ́ta ló run ní yàrá náà, àti orúkọ ènìyàn méjì tí kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n mọ́.