Ọmọkùnrin Tí Rabáb Sọ Di Fáńpáyà

Ọ̀gbẹ́ni Fíkrí ti kọ nǹkan kún pátákó lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Rabáb kò rí ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ogóje akẹ́kọ̀ọ́ ló há sínú yàrá ẹ̀kọ́ àfikún yẹn, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, ní ìlú Mansúrà. Fáànù kan ṣoṣo ló ń yí, tíṣà ló sì kọjú sí. Ìwé kẹ́mísírì wà lórí tábìlì Rabáb. Ìwé ìtàn wà nínú kẹ́mísírì. Rabáb fúnra rẹ̀ wà nínú ìwé ìtàn.

Hánádì, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Tíṣà ń wò ẹ́. Pa á dé."

"Jọ̀ọ́, ojú ewé kan péré. Ó fẹ́ bù ú jẹ."

"Ta ló fẹ́ bu ta jẹ?"

"Lúkà, fáńpáyà yẹn, òkú tó jí tó ń fi ẹ̀jẹ̀ èèyàn ṣe oúnjẹ. Ó fẹ́ bu ọmọbìnrin náà jẹ lọ́rùn kó mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n ó nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò wá lè bù ú jẹ. Ó ti tó igba ojú ewé tó ti ń rò ó."

"Igba ojú ewé! Bó bá jẹ́ bàbá mi ni, á ti jẹun, á ti sùn, á ti jí."

Ẹ má tètè bínú sí Rabáb. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìdánwò àṣejáde tí yóò sọ ẹ̀kọ́ tí kálukú máa lọ kọ́ ní yunifásítì ku oṣù mẹ́ta. Láàárọ̀, físíìsì, lọ́sàn-án, kẹ́mísírì, nírọ̀lẹ́, èdè Lárúbáwá. Náwàl, ìyá rẹ̀, ń rán aṣọ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan; bó bá dé, á ki ẹsẹ̀ bọ omi iyọ̀, á sì sùn lọ lórí ìjókòó kí omi náà tó tutù. Nínú ìwé yẹn, kò sí ẹni tó ń rẹ̀. Lúkà ti lo ọ̀ọ́dúnrún ọdún láyé, kò yán lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ funfun, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì rí ọmọbìnrin náà láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn, ó ní, "Ìwọ nìkan." Ẹni tí tíṣà ń pè ní "ìwọ oníbòrí búlúù yẹn" láti ọdún kan, tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó dà bí omi tútù lọ́fun.

Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ni pé Rabáb gbójú sókè kúrò nínú ìwé lọ́jọ́ kan, ó sì rí Wágdì.

Wágdì a máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ojú rẹ̀ funfun báláú. Hánádì gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ó ní ọwọ́ ọmọ náà tutù bíi fìríìjì. Bí àwọn ọmọkùnrin bá ra búrẹ́dì ẹlẹ́dọ̀ díndín lẹ́nu ọ̀nà, Wágdì á gbójú kúrò: "Ẹ ṣé, n kì í jẹ ẹ̀dọ̀." Èyí tó wá ga jù ni pé lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, ojú rẹ̀ á túbọ̀ funfun, á máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí àtẹ̀gùn, á pòórá fọ́jọ́ kan, á sì padà dé pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó pọ́n. Rabáb fi ìka kà á lórí kàlẹ́ńdà: ọjọ́ mọ́kànlélógún géérégé! Ẹlòmíì tó bá rí èyí, á ní kí ọmọ ọlọ́mọ lọ rí dókítà. Rabáb ní tirẹ̀ mú fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn.

Ó pe ìtàn náà ní "Ọmọ Aládé Wágdìmír", ó sì gbé e sórí Wásáàpù kíláàsì. Orí kìíní gba ọgọ́rin àmì ìfẹ́. Láyé Rabáb, ẹnikẹ́ni kò tíì fi ọgọ́rin ohunkóhun yìn ín. Ó kọ orí kejì. Ó kọ ìkẹta.

Wágdì dá a dúró lórí àtẹ̀gùn. "Ìwọ lo ń kọ ọ́?"

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dáa tí mò ń fò láti orí òrùlé kan sí òmíràn níbẹ̀. Àtẹ̀gùn yìí gan-an ti fẹ́ pa mí." Ó rẹ́rìn-ín. Rabáb sì gba ẹ̀rín náà bí àṣẹ.

Àwọn ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kó aáyù, tí wọ́n ní ó ń lé fáńpáyà sá, sórí ìjókòó Wágdì. "Wágdìmír, ṣó o ti mu tòní?" Ó kọ́kọ́ ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Rabáb rí i. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ó rí i kedere. Àmọ́ orí keje ti ń dúró, ọgọ́rin àmì ìfẹ́ sì ti di àádọ́fà. Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́.

Ọjọ́ Túsìdé kan, ẹnì kan ya fọ́tò láti ojú fèrèsé ilé ìwòsàn. Wágdì ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ká apá aṣọ sókè, àpò ẹ̀jẹ̀ rọ̀ sókè orí rẹ̀, rọ́bà tín-ín-rín sì ti ara àpò náà wọ inú apá ọmọ náà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Wágdìmír ń jẹun ọ̀sán." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín lórí fóònù.

Hánádì pè é. "Rabáb, o rí i? Ọmọ yẹn ń gba ẹ̀jẹ̀ ni! Àìsàn ẹ̀jẹ̀ ló ní, wọ́n bí i mọ́ ọn. Àbúrò màmá mi ní irú ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ara wọn kì í pẹ́ bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń fa tuntun sí wọn lára. Dókítà ló ní kí wọ́n má jẹ ẹ̀dọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà ti kó irin jọ jù sí wọn lára, ẹ̀dọ̀ á sì tún fi kún un."

Rabáb jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ojú funfun, ọwọ́ tútù, ẹ̀dọ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún: ó ti rí gbogbo ẹ̀, kò sì rí nǹkan kan.

Wágdì kò wá sí kíláàsì mọ́. Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, obìnrin kan tó wọ aṣọ dúdú ṣílẹ̀kùn láàárín ẹ̀kọ́, ó ní, "Ta ni Rabáb níbí?"

Gbogbo kíláàsì nàka sí i. Hánádì gan-an nàka kó tó rántí pé ọ̀rẹ́ òun ni. Rabáb dìde, ó ti ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ gírí de ìgbájú. Ìyá Wágdì kò gbá a. Ohùn rẹ̀ kò tilẹ̀ lọ sókè.

"Ọmọ mi, wá bá mi bẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó yẹ kó gba ẹ̀jẹ̀ ti kọjá lọ́jọ́ mẹ́fà, ó ní òun ò lọ mọ́. Lánàá, ó fẹ́ lọ wẹ̀, kò lè dé balùwẹ̀, àárín ilé ló jókòó sí."

Ìgbájú ì bá sàn.

Nígbà tí Rabáb délé, Náwàl ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo omi iyọ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì tún bàtà wọ̀. "Ó yá. A jọ ń lọ ni."

Lójú ọ̀nà, Rabáb ti to ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tò ó nínú ìwé: Wágdì á wo ojú rẹ̀, omijé á bọ́, gbogbo rẹ̀ á sì tán síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé wọn, Wágdì la ojú kan lórí àga gbọọrọ.

"Ó ti rẹ̀ mí. Bọ́rọ̀ ẹ bá gùn, jókòó."

"Dárí jì mí. Mo máa kọ òmíràn. Mo máa sọ òótọ́ fún wọn, bó o ṣe ń bá àìsàn jà, bó o ṣe jẹ́ akọni—"

"O tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Kí ni mo ṣe?"

"Lánàá fáńpáyà, lónìí akọni. Ìgbà wo ni mo máa wá di Wágdì?" Ó dúró kó lè mí. "Nínú ìwé tìẹ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń jẹ níyà máa ń lágbára, kì í sùn, ó rẹwà. Tèmi bá ti ń tán lára mi, n kì í lè gbé báàgì. Kò sí ẹwà kankan ńbẹ̀, Rabáb. Ó kàn ń rẹ èèyàn ni."

"Kí ni kí n wá kọ?"

"Má kọ nǹkan kan nípa mi. Kọ nípa ara ẹ."

Ojú ẹsẹ̀ ni Rabáb kọ ọ́ sórí Wásáàpù kíláàsì: "Èmi Rabáb ni mo kọ ìtàn yẹn. N ò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí mo kọ ọ́ nípa rẹ̀. Mo rí i pé ó ń dùn ún, n ò dúró. Mo ti pa á rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fọ́tò yẹn náà rẹ́." Kò gba àmì ìfẹ́ kankan. Ẹnì kan bú u. Òmíràn béèrè pé kí ló dé tó fi dá a dúró níbi tó ti ń dùn.

"Ilé ìwòsàn ńkọ́?" ni ìyá Wágdì wí.

"Fọ́tò ló ń bà mí lẹ́rù," ni Wágdì dáhùn. " Fèrèsé yẹn ò ní aṣọ."

Náwàl, tí gbogbo wọn rò pé ó ti sùn lọ, gbórí sókè. "Fèrèsé? Èmi tí mò ń rán aṣọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Mo máa fi aṣọ bò ó, mo sì máa jókòó síwájú ẹ̀. Ẹni tó bá gbé fóònù sókè, màá rán an mọ́ ọn lọ́wọ́."

Wágdì rẹ́rìn-ín. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnu nìkan kọ́.

Wọ́n lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ní kí ẹbí mú ẹnì kan wá tó máa fi ẹ̀jẹ̀ rọ́pò èyí tí wọ́n fẹ́ lò, ìbátan Wágdì tó sì máa ń fún un ti rìnrìn àjò. Rabáb na apá.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?" ni nọ́ọ̀sì wí.

"Mẹ́tàdínlógún."

"Padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ó dáa, gba tèmi," ni Náwàl wí.

Nọ́ọ̀sì gún un níka, ó wo ẹ̀rọ, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. "Màmá, ta ló ń tọ́jú yín?"

"Èmi ni mò ń tọ́jú èèyàn."

"Ẹ̀jẹ̀ ara yín ò tó ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ṣubú."

Wágdì kígbe láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Màmá, ẹ jẹ́ ká pín tèmi sí méjì!" Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Náwàl rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, ó sì di ògiri mú.

Bàbá Hánádì ló sáré wá fún wọn ní ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú rọ́bà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wágdì sì ń padà pọ́n díẹ̀díẹ̀. Rabáb kò wò ó. Ìyá rẹ̀ ló ń wò. Ètè rẹ̀ funfun. Èékánná rẹ̀ funfun. Ẹni tó ti ka ẹgbẹ̀rún ojú ewé nípa ojú funfun, kò mọ̀ pé ọ̀kan ń jókòó kọjú sí òun lójoojúmọ́ nídìí oúnjẹ.

Ìwé tó ń fún èèyàn ní ìsinmi kò burú, Rabáb kò sì ju tirẹ̀ nù. Àmọ́ ìwé yẹn kọ́ ọ láti máa wo ẹni tó ń jìyà bí ẹni ń wo òdòdó. Kò kọ́ ọ láti béèrè nǹkan kan. Ẹ̀yin ọmọ, bẹ́ ẹ bá rí ẹni tí ojú rẹ̀ funfun, tó dákẹ́ sí kọ̀rọ̀, ẹ má kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìtàn. Ẹ bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é.

"Màmá, láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà wo ni kí ni?"

"Tó ti ń rẹ̀ yín báyìí."

Náwàl la ẹnu láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, yẹ̀yẹ́ kò jáde. Ó fọwọ́ kan ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Rabáb pa fóònù rẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì gbọ́ ọ títí dé òpin.