Fíìmù Tó Ń Wolẹ̀ Láti Òkè

Àtàrí káfíńtà náà ló hàn nínú àwòrán, kì í ṣe ojú rẹ̀.

Ayàwòrán gbé fíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ náà sójú fèrèsé, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó wò ó títí. Iwájú ọkùnrin náà gan-an ló dúró sí nígbà tó yà á. Ó rántí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, tó fi pẹ́ńsùlù há ẹ̀yìn etí. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, àfi bíi pé ẹnì kan gun orí òrùlé lọ yà á: orí tó pá láàárín, èjìká méjì, pákó tó tò sílẹ̀ bí igi ìṣáná. Orí mìíràn tún wà níwájú káfíńtà, orí obìnrin tó tẹ̀ ba sórí kámẹ́rà. Orí ayàwòrán fúnra rẹ̀ ni.

Kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n máa ń gbé síwájú ikùn, tí èèyàn á tẹrí ba kó tó lè rí ohun tó fẹ́ yà. Fíìmù tó ń lò fẹ̀ ju ti kámẹ́rà kéékèèké lọ, ó sì ti di ọ̀wọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣa fíìmù àjèjì káàkiri: fíìmù ilé ìtẹ̀wé, fíìmù tí wọ́n fi ń ya egungun nílé ìwòsàn, ohunkóhun tó bá ṣáà ti lè gba ìmọ́lẹ̀. Á gé e nínú òkùnkùn sí ìwọ̀n tó fẹ́, á wé e mọ́ bébà dúdú tó ti tọ́jú láti ara fíìmù tó ti lò, á wá kì í bọ kámẹ́rà.

Eléyìí, abẹ́ ibùsùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti rí i.

Inú ọkọ̀ òfurufú ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ṣiṣẹ́ jẹun. Ó máa ń dojú kámẹ́rà ńlá kọlẹ̀ láti ikùn ọkọ̀, á máa ya oko, odò àti títì fún àwọn tó ń ṣe máàpù. Àṣá ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kámẹ́rà tó ń gbé sì ti mú kí èjìká ọ̀tún rẹ̀ rẹlẹ̀ ju tòsì lọ. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ni àìsàn mú un lẹ́sẹ̀, ó wá di ẹni tí wọ́n ń gbé láti orí ibùsùn sórí àga, láti orí àga sórí ibùsùn. Lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ yìí lọ kí i, oorun gbé e lọ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ láti wọ bàtà, ló bá rí agolo pẹrẹsẹ kan tó fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò ńlá. Ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Fíìmù gígùn gbọọrọ, tó lè lò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó lè jí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tọrọ rẹ̀. Kò jí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kí ni aláìsàn fẹ́ fi fíìmù ṣe, ó ti agolo náà bọ báàgì, ó sì rọra yọ jáde.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná. "Eyínfúnjowó, ṣé ẹ ti ń lọ ni? Ẹ ò tiẹ̀ jókòó."

"Iṣẹ́ ni, Àǹtí. Màá padà wá lọ́la."

Kò padà lọ lọ́la. Kò lọ lọ́túnla. Ojú ń tì í, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àwòrán náà ò sì jẹ́ kó rímú mí. Ẹnikẹ́ni tó bá yà, àtàrí ló ń jáde. Télọ̀ nídìí ẹ̀rọ, àtàrí. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń sọdá títì, orí wọn tò bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Ewé igi á funfun bí òwú, omi á dúdú bí èédú. Wọ́n rẹwà débi pé wọ́n ń bani lẹ́rù. Nígbà tó gbé wọn kọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yà wọlé, ọ̀gá ilé ìkàwé ìlú sì ní kó ya gbogbo àdúgbò fún àwọn bẹ́ẹ̀.

"Àkàbà wo lo ń gùn?" ni ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ kan bi í.

"Ọwọ́ ni," ó dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín. Irọ́ náà korò lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e mì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí yàrá kejì gbọ́.

"Eyínfúnjowó, ṣé ẹ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan láìpẹ́ yìí?"

"Mo lọ. Ta ló sọ fún yín?"

"Ọkọ mi ni. Ó ní òun rí yín láti òkè. Ó ní irun yín ti ń já láàárín, kí ẹ má máa dì í le mọ́. Ó tún sọ ti télọ̀ kan. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, kò ní gbọ́ ìpè, ara rẹ̀ á tutù. Tó bá dé, á ní ọ̀nà àbọ̀ ti jìn ju ti àná lọ. Dókítà wò ó, kò rí nǹkan kan. Mo ní kí n bi yín bóyá ẹ mọ nǹkan kan sí i."

"Mi ò mọ nǹkan kan, Àǹtí."

Kíá ló sọ ọ́. Lẹ́yìn tí fóònù ti kú, ó ṣì gbé e mọ́ etí.

Ọjọ́ kejì ló tó lè lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n lọ gba oògùn nílé ìwòsàn, ó ku àwọn méjèèjì nílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rù débi pé ìrọ̀rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Ayàwòrán kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, èmi ni mo mú fíìmù yín."

"Mo mọ̀. Mi ò sùn lọ́jọ́ náà."

"Ẹ ò sì sọ̀rọ̀?"

"Mo fẹ́ wò ó bóyá wàá jí mi."

Ó gbé orí lé etí ibùsùn, ó ń sunkún. Ó ní òun á dá èyí tó kù padà.

"Kí n fi ṣe kí ni?" Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Fíìmù ìrìn mi ìkẹyìn nìyẹn. Mo ti fẹ́ kì í bọ kámẹ́rà nígbà tí wọ́n ní ká padà sílẹ̀, pé ojú ọjọ́ ò dáa. Mi ò yà á. Ìwọ lo wá ń yà á, èmi ni mo ń wò ó. Tó o bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, mo ti dókè. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, àbúrò mi. Ẹsẹ̀ kan kì í dùn mí níbẹ̀. Ya èyí tó kù."

"Àǹtí ní àtibọ̀ yín ti ń le."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ má bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Nígbà tí mi ò fún ọ, o mú un. Ní báyìí tí mo wá fún ọ, ò ń sunkún."

Kò ṣèlérí. Ó délé, ó ti agolo náà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kan báyìí ni ọ̀gá ilé ìkàwé wá béèrè àwòrán pápá ìṣeré, pé ìyẹn nìkan ló kù. Ọ̀sán ọjọ́ náà, ayàwòrán gbé kámẹ́rà jáde, fíìmù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì wà nínú rẹ̀. Títí dòní kò lè fọwọ́ sọ́yà pé nítorí ẹ̀bẹ̀ ẹ̀gbọ́n òun nìkan ni.

Kò sí èèyàn kankan ní pápá. Ó tẹrí ba, ó ń yà á, ó ń yí i, ó ń yà á. Nígbà tó tẹ èyí tó gbẹ̀yìn, ariwo títì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n bá pa rédíò. Ẹnì kan mí fẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó yíjú padà: koríko lásán. Fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ni.

"Ó ti lọ," ni gbogbo ohun tó lè sọ.

Níbi ìsìnkú, ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbá a mọ́ra. "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ọjọ́ tí ẹ wá kí i yẹn, ó rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí ẹ lọ. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín." Ayàwòrán ń wo ilẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ́ àwòrán ọkọ rẹ̀ tó máa gbé kọ́ pálọ̀. Ayàwòrán ń tú páálí kan dé òmíràn, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé kò sí. Ó ti ya gbogbo ìlú. Kò ya ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí.

Nígbà tó fi máa gbójú sókè, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ti dúró nídìí okùn tí wọ́n fi ń sá àwòrán. Àwọn ti pápá ìṣeré ló wà níbẹ̀, tí kò tíì fi han ẹnikẹ́ni. Láti òkè réré ni àkọ́kọ́, tí ìlú kéré bí àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e sún mọ́lẹ̀ díẹ̀. Òmíràn tún sún mọ́lẹ̀ sí i. Èyí tó kẹ́yìn ò wá láti òkè mọ́ rárá. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ lẹ́yìn ayàwòrán ló yà á, ó sún mọ́ ọn débi pé ìkọ́ ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ hàn. Òjìji méjì ló sùn lórí koríko níwájú wọn. Ọ̀kan tẹrí ba. Èkejì nàró, èjìká ọ̀tún rẹ̀ rẹlẹ̀ ju tòsì lọ.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n fi ìka kan èjìká náà.

"Ó dìde," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà: "Ọjọ́ wo lẹ ya èyí?"

Ayàwòrán kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí agolo abẹ́ ibùsùn dé orí ẹ̀bẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi pa mọ́ fún un. Obìnrin náà gbọ́ ọ dópin.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí ó lọ síbi tí mi ò sí," ó wí. "Ẹ ò sọ fún mi." Kò pariwo. Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Fíìmù yẹn, ṣé ó kù?"

"Ó kù, Àǹtí."

"Ẹ kì í sí i."

"Àǹtí, tí mo bá kì í bọ kámẹ́rà, mi ò mọ ohun tó máa..."

"Ẹ kì í sí i."

Ó wọ yàrá òkùnkùn lọ, ó gé fíìmù, ó kì í bọ kámẹ́rà. Nígbà tó jáde, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ti tún gèlè rẹ̀ wé, ó ti lọ dúró síbi ògiri funfun, níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti ń bọ́ sílẹ̀. Ó sún díẹ̀ sápá òsì, ó fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Mo ti ṣe tán," ó wí.

Ayàwòrán tẹrí ba, ó sì tẹ̀ ẹ́.