Ìyá Aránṣọ Kò Tẹ Agogo Mọ́

Ìyá Aránṣọ tún tẹ agogo ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì dé.

"Màmá, kí lẹ fẹ́?"

"Òní ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ tí mo sọ fún yín láàárọ̀ náà ni, Màmá."

Onídìrí kan, aláìsàn tó wà ní ibùsùn kejì, tí àwọn àbúrò rẹ̀ bò bí eéṣú, ní, "Ìyá Alágogo, ẹ jẹ́ kí agogo yẹn náà mí díẹ̀."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín òkè eyín ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà lókè òkun. Ohùn èèyàn ló ń wá, kì í ṣe ọjọ́. Láti ìgbà náà, kò tẹ agogo mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tó lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n. Ó wo agogo, ó wo Onídìrí, ó gbójú kúrò. Ó dìde fùú. Òòyì kọ́ ọ. Ó di tábìlì oúnjẹ mú. Tábìlì tó ní táyà lẹ́sẹ̀, ta ló ní yóò dúró? Tábìlì yí lọ, ìyá bá a lọ, ó dún gbì nílẹ̀.

Onídìrí ló sáré tẹ agogo tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì dé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á sókè títí dókítà fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ló ṣẹ́, ọwọ́ tó fi ń gé aṣọ jẹun.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí?"

"Mo ti pè yín jù."

"Èmi ni mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́," Onídìrí sọ, ó doríkodò.

"Ẹ kú iṣẹ́," nọ́ọ̀sì dá a lóhùn. Ó yíjú sí ìyá náà. "Oògùn yín máa ń fa òòyì. Ẹ tẹ agogo ná. Ẹ jókòó sétí ibùsùn, kẹ́sẹ̀ kanlẹ̀, kójú wálẹ̀. Ẹ wọ bàtà tí kì í yọ̀, kí n wá dì yín mú. Tó bá jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀ lẹ sì fẹ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

Ọwọ́ tí wọ́n dì ni ìyá náà ń wò.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ìtìjú kì í to eegun. Ẹ pe nọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó dìde. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe oore. Ẹ má di ohun tó ní táyà mú. Ìwọ aláìsàn ibùsùn kejì, pa ẹnu yẹ̀yẹ́ dé. Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ wà lọ́nà jíjìn, ẹ bẹ ẹnìkan kó lọ jókòó ti àwọn òbí yín. Fóònù kì í gbá èèyàn mú bó bá ń ṣubú.